Ẹ Fa Àpótí Sún Mọ́ Mi: Ìjà Àwọn Alákọ̀wé Paris

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ti kú nìyẹn. Ọkùnrin tí mo fẹ́ rojọ́ rẹ̀ yìí, láti 1142 ló ti kú, kò sí ọlọ́pàá tó máa wá gbé mi nítorí rẹ̀. Peter Abelard lorúkọ rẹ̀, ará Le Pallet lẹ́bàá Nantes, nílẹ̀ Faransé. Ẹ má bi mí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀ kí ẹ wá jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Bàbá Abelard, ológun ẹlẹ́ṣin ni. Abelard sì ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó jogún ilẹ̀ àti idà. Ó ní òun ò ṣe, kí àwọn àbúrò òun máa pín in, ìwé lòun fẹ́ lọ kà. Kì í ṣe pé ó ń sá fún ìjà o. Ìjà ẹnu ló wù ú. Láyé ìgbà yẹn, ìjà ẹnu ń mówó wọlé: akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ̀lé ọ̀gá tó bá mọ̀ ọ́n jà láti ìlú dé ìlú, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ń lọ, owó ilé-ìwé ń bá a lọ. Ó dé Paris, ó jókòó sẹ́sẹ̀ William ará Champeaux, ọ̀gá tí wọ́n ń wárí fún. Kò pẹ́ tí ọmọ tuntun yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá jiyàn lójú gbogbo kíláàsì.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ènìyàn ni mí, ènìyàn ni Ìyá Ìbejì, ènìyàn ni lanlọ́ọ̀dù wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú yín ń ṣiyèméjì lórí ìyẹn lọ́jọ́ tí owó ilé bá pé. Ṣé ohun kan wà tó ń jẹ́ ènìyàn, tí gbogbo wa jọ ní nínú, àbí ẹnu wa la kàn fi ń kó ara wa pọ̀? William ní ohun kan ni, odidi rẹ̀ ló sì wà nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Abelard ní kò burú, kí a wò ó dáadáa: ohun abẹ̀mí ni mí, ohun abẹ̀mí ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí odidi nǹkan kan náà bá wà nínú àwa méjèèjì, a jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ló gbọ́n, òun náà ni kò sì gbọ́n. William wá àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ.

Èyí tó tún ṣe ní Laon ńkọ́? Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní Bíbélì, Anselm lorúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣì í mú fún Anselm kejì, ará Aosta tó di olórí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́dún 1093. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti ìyẹn kí n tó gbàgbé. Anselm ti Canterbury ní òun fẹ́ fi àròjinlẹ̀ nìkan mú un dájú pé Ọlọ́run wà. Ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ronú kan èyí tó tóbi jù ú lọ ni Ọlọ́run. Òmùgọ̀ tó ń sọ pé kò sí Ọlọ́run pàápàá, bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó yé e, ó ti wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ inú ọkàn nìkan ló wà, a ṣì lè ronú kan èyí tó tóbi jù ú, èyí tó wà lọ́kàn tó tún wà lóde. Ìyẹn ò sì lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà Ọlọ́run wà. Mọ́ńkì kan ní Marmoutier, Gaunilo, ka ìwé náà, ó mi orí. Ó ní òun náà lè ronú kan erékùṣù kan tó dára ju gbogbo erékùṣù lọ, ṣé torí òun ronú kàn án, ó ti wà nìyẹn? Ìyá Ìbejì ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà ti ní mọ́tò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu kọ́ nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohun tí Anselm ṣe. Kò sọ pé ta ni Gaunilo. Ó kọ èsì, ó wá ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń da ìwé òun kọ máa da àtakò Gaunilo kọ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kó da èsì òun kọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bú u, inú ìwé tirẹ̀ ló fi í sí! Ẹ bá mi fi ìyẹn pamọ́, mo ń bọ̀ wá gbà á.

Ó di Laon. Abelard jókòó díẹ̀ sí kíláàsì bàbá náà, ó ní ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu bàbá, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é níjà pé ìwọ tí o kò kọ́ Bíbélì rí, ṣé ìwọ lè ṣàlàyé rẹ̀? Ó ní kí wọ́n mú ibi tó le jù wá. Wọ́n mú ìwé wòlíì Esekíẹ́lì. Ó ní kò burú, kí wọ́n wá lọ́la. Wọ́n ní, arákùnrin, rọra, gba àsìkò dáadáa. Inú bí i. Ó ní òun kì í fi pípẹ́ ṣiṣẹ́, ọpọlọ lòun fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní, ìwọ̀nba ènìyàn ló wá, wọ́n wá fi ṣẹ̀sín ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èrò ti ń wọ́, wọ́n sì ń du àkọsílẹ̀ ọjọ́ kìíní mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bàbá gbọ́, ojú bàbá korò, ó ní kó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Abelard palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó padà sí Paris, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Notre-Dame. Ìgbà tí ara tù ú tán pátápátá ni wàhálà dé.

Àlùfáà kan wà ní Notre-Dame, Fulbert. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Heloise. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ Faransé ti ń gbúròó ìwé tó mọ̀. Nígbà yẹn, obìnrin tó mọ Látìn dáadáa kò wọ́pọ̀. Abelard ò kàn ṣèèṣì rí i o. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun jókòó, òun gbèrò rẹ̀ ni. Ó lọ bá Fulbert pé òun ń wá yàrá, ilé rẹ̀ sì súnmọ́ ilé-ìwé. Fulbert fẹ́ràn owó, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun kàwé sí i. Ó gba ọkùnrin náà sílé, ó ní kó máa kọ́ ọmọ náà tọ̀sántòru, bí kò bá fojú sí ẹ̀kọ́ kó nà án. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ó mú un wọlé, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó tún fún un ní ẹgba!

Ìwé wà lórí tábìlì, ọwọ́ ò sí lórí ìwé. Kíláàsì Abelard bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohun tó kọ́ wọn lésìí ló ń tún kọ́ wọn. Orin ìfẹ́ ló kù tó ń ṣe tuntun, àwọn èwe sì ń kọ ọ́ káàkiri. Gbogbo Paris mọ̀, Fulbert nìkan ni kò mọ̀. Mo ti sọ fún yín tipẹ́ pé onílé ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn.

Heloise lóyún. Abelard wọ aṣọ sísítà fún un, ó gbé e sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òun obìnrin ní Brittany, ibẹ̀ ló bí ọmọkùnrin sí. Orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Astrolabe! Irinṣẹ́ tí àwọn awòràwọ̀ fi ń wọn ìràwọ̀ nìyẹn. Àwọn alákọ̀wé bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ irinṣẹ́.

Abelard lọ bẹ Fulbert pé òun á fẹ́ ẹ, kó ṣáà jẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ kí orúkọ òun má bàa bàjẹ́. Fulbert gbà. Ta ni kò gbà? Heloise. Ó to àlàyé kalẹ̀ bí agbẹjọ́rò, ó fa ọ̀rọ̀ Jerome, Bàbá Ìjọ, yọ, ó fa ti àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àti ti Róòmù yọ: báwo ni ẹkún ọmọ àti ìwé ṣe máa bára wọn gbé inú yàrá kan? Ó ní ìgbéyàwó náà ò ní pẹ̀tù sí inú Fulbert, yóò kàn ba ti àwọn méjèèjì jẹ́ ni. Nígbà tí Abelard ò gbọ́, ó sunkún, ó tẹ̀lé e. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní òwúrọ̀ kùtù nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Paris, ìwọ̀nba ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Kí ni Fulbert ṣe? Ó tú àṣírí. Wọ́n bi Heloise, ó búra pé irọ́ ni, Fulbert sì ń fìyà jẹ ẹ́ nílé. Abelard gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Argenteuil, ó ní kó wọ aṣọ wọn. Àwọn mọ̀lẹ́bí gbọ́, wọ́n ní ó ti sọ ọ́ di sísítà láti lè já a jù sílẹ̀. Wọ́n fún ìránṣẹ́ Abelard lówó, ó ṣílẹ̀kùn lóru, wọ́n wọlé bá a lórí ibùsùn, wọ́n sì gé ohun tí mi ò ní dárúkọ níwájú àwọn ọmọ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ké. Ó ní ẹkún wọn dun òun ju ọgbẹ́ náà lọ. Wọ́n mú méjì nínú àwọn tó ṣe é, ìránṣẹ́ náà wà nínú wọn. Ìyà tí wọ́n fi jẹ Abelard ni wọ́n fi jẹ wọ́n, wọ́n tún fọ́ ojú wọn mọ́ ọn.

Abelard di mọ́ńkì ní Saint-Denis. Kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tirẹ̀, ó ní kí Heloise jẹ́ tirẹ̀ ná. Níbí yìí ni èmi àti ọkùnrin náà ti pínyà. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lo bẹ̀rù pé á sá lọ?

Ìyá Ìbejì ń bi mí pé ṣé ìtàn ìfẹ́ ni mo pè wọ́n wá gbọ́ ni. Ẹ fara balẹ̀. Ọkùnrin yìí ni ó kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Sic et Non. Ìbéèrè 158 ló wà nínú rẹ̀, láti orí ìgbàgbọ́ títí dé orí ìwà ẹ̀dá. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ó kó ọ̀rọ̀ àwọn Bàbá Ìjọ jọ: àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni lápá kan, àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lápá kejì. Augustine ń tako Jerome, nígbà mìíràn Augustine ń tako Augustine. Ó wá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dáhùn! Ó ní iyèméjì ló ń mú ni wádìí, ìwádìí ló ń mú ni dé ibi òtítọ́. Ṣé ẹ rí i pé inú kan náà ni òun àti Anselm ti Canterbury ti jáde, ẹni tó fi ọ̀tá rẹ̀ sínú ìwé ara rẹ̀? Ohun tí mo ní kí ẹ bá mi fi pamọ́ nìyẹn. Àṣà tó gba gbogbo ilé-ìwé Yúróòpù kan fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn: kó o tó sọ tìrẹ, kọ́kọ́ sọ ti ẹnìkejì rẹ, kó o sì sọ ọ́ kó lágbára.

Ẹni tó ṣe é dé ojú àmì ni Thomas ará Aquino. Ọmọ ọlọ́lá ni, Roccasecca ní Ítálì ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti fi í sí Monte Cassino ní kékeré, wọ́n ń retí kó di ọ̀gá àgbà níbẹ̀, kó máa jẹ oyè. Ní 1244 ó lọ bá àwọn Dòmíníkà, ẹgbẹ́ àwọn fadá tó ń ṣagbe káàkiri. Àwọn náà ló wà ní Yaba àti Ìbàdàn lónìí. Inú bí ìyá rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ogun ni wọ́n, wọ́n dá a lọ́nà, wọ́n jí i gbé, wọ́n sì tì í mọ́lé fún bí ọdún kan. Wọ́n ní wọ́n tilẹ̀ rán obìnrin kan wọlé sí i láti yí i lọ́kàn padà. Thomas fa igi iná yọ láàrò, ó lé e jáde. Bí ó ti wà ní àtìmọ́lé yẹn, Bíbélì ló ń kà. Ó rẹ ìyá rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó tóbi, kì í sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní màlúù tó yadi ni. Ọ̀gá rẹ̀, Albert, ní kí wọ́n dúró, igbe màlúù yìí á dé gbogbo ayé.

Nígbà tó dìde láti kọ ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae, ìbéèrè 512 ló wọ inú rẹ̀, kò sì parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ibì kan fún yín: ṣé Ọlọ́run wà? Ẹ ó rò pé fadá á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Rárá o. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ síbẹ̀ ni pé ó jọ pé kò sí. Ó ní Ọlọ́run túmọ̀ sí oore tí kò lópin. Bí oore tí kò lópin bá wà, kò yẹ kí ibi ráyè. Ibi sì ń bẹ láyé. Ó tún fi èkejì lé e: gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, a lè fi ìṣe ẹ̀dá àti ìfẹ́ inú ènìyàn ṣàlàyé rẹ̀, kí la tún ń wá Ọlọ́run sí? Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ló wá gba òdìkejì, ó to ọ̀nà márùn-ún kalẹ̀, ó wá padà lọ dá àwọn alátakò lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú agbo ilé yìí, ṣé a ti rí ẹni tó ń jà lé omi ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ sọ ẹ̀tọ́ ẹnìkejì?

Ilé-ìwé Paris, níbi tí Thomas ti kọ́ni, tún ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè bi ọ̀gá ní ohunkóhun, ní àsìkò kí Kérésìmesì tó dé àti nígbà Lẹ́ńtì. Wọ́n bi Thomas pé nínú ọtí, ọba, obìnrin àti òtítọ́, èwo ló lágbára jù? Kò lé wọn jáde. Ó ní ọtí ń darí ara, obìnrin ń darí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ọba ń darí ìṣe, òtítọ́ ń darí òye. Òye ló ga jù, nítorí náà òtítọ́ ló borí. Ìyá Ìbejì ní kò tíì rí owó ni.

Ọtí tí mo dárúkọ yẹn rán mi létí. Ní 1229, nígbà pọ̀pọ̀ṣìnṣìn kí Lẹ́ńtì tó wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Paris mutí ní Saint-Marcel, wọ́n bá ọlọ́tí jà lórí owó, àwọn aládùúgbò nà wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó kùmọ̀ dé. Ayaba Blanche rán ẹ̀ṣọ́ lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì pa àwọn tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ni àwọn ọ̀gá bá ti ilé-ìwé pa, wọ́n túká lọ sí Oxford, Toulouse àti Angers. Ọdún méjì gbáko! Ìgbà tí Póòpù Gregory kẹsàn-án fi ìwé àṣẹ lélẹ̀ ní 1231, tó ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dáṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá rẹ́ wọn jẹ, ni wọ́n tó padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ASUU pé wọ́n ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé àrùn yìí ti pẹ́. Ìdánwò ẹnu níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí àwọn ọmọ wa ń ṣe kí wọ́n tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ara ohun tí a jogún láti ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ààfáà ilé kejì ti ń wò mí. Ẹ má bínú, mi ò gbàgbé. Ẹni tí Thomas ń pè ní Alálàyé, Mùsùlùmí ni: Ibn Rushd, ará Cordoba, tí wọ́n bí ní 1126. Ó ti ṣàlàyé ìwé Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, débi pé nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn, kò sẹ́ni tó lè ka Aristotle láìyọjú sí i. Adájọ́ ni pẹ̀lú, ó kọ ìwé òfin, Málíkì tí àwọn ààfáà wa ń tẹ̀ lé ni mádhábì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1195 wọ́n lé e kúrò nílùú, wọ́n jó ìwé rẹ̀. Ó kú ní Marrakesh ní 1198. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ padà sí Cordoba, Ibn Arabi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan, wà níbẹ̀, ó sì ròyìn rẹ̀: wọ́n di pósí sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹran, wọ́n sì di ìwé tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹrù lè dọ́gba. Thomas bá àwọn tó ń tẹ̀ lé e jà ní 1270, ìjà gidi. Ṣùgbọ́n kò sọ pé Mùsùlùmí ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Abelard, ẹ ó wá rí ẹni tó ba àṣà kíkọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnìkejì jẹ́: Bernard, ọ̀gá àwọn mọ́ńkì ní Clairvaux, oníwàásù tí ọba àti Póòpù ń gbọ́. Ó gbọ́ pé Abelard ń gbé ọgbọ́n ènìyàn wọ inú ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan, kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ti mú Abelard fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìwé rẹ̀ síná ní Soissons lọ́dún 1121 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Abelard ní kò burú, kí òun àti Bernard pàdé ní Sens níwájú gbogbo ayé. Ọba Louis keje wá jókòó, èrò kún. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bernard ti pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ, ó ka àṣìṣe Abelard sí wọn létí, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi. Ọmọ ẹ̀yìn Abelard kan, Berengar, ní wọ́n ti mutí yó, wọ́n ń tòògbé. Mi ò ní búra sí ìyẹn, ọmọ ẹ̀yìn ló sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí Abelard dáhùn. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, Róòmù lòun ń lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n ti dá lóru, kí ló tún fẹ́ sọ lọ́sàn-án?

Kò dé Róòmù. Póòpù ti ní kó dákẹ́. Peter, ọ̀gá àwọn mọ́ńkì ní Cluny, gbà á sílé, ó parí ìjà Abelard àti Bernard, ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì rẹ̀ ni Abelard sì rọra gbé títí ó fi kú. Peter ní kí wọ́n yọ́ gbé òkú rẹ̀ lọ bá Heloise ní Paraclete, níbi tí obìnrin náà ti di ìyá àgbà àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Òun ló ti kọ̀wé sí Abelard ṣáájú pé kí ló dé tí kò fi kọ̀wé sí òun, tó ní òun ò kábàámọ̀ ìfẹ́ àwọn, àti pé òun ìbá yàn láti jẹ́ àlè rẹ̀ ju kí òun jẹ́ aya Késárì lọ. Nígbà tó kọ̀wé sí Peter, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìwé ìdáríjì Abelard ránṣẹ́, kó sì bá òun wá iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún Astrolabe. Ẹ rí ìyá: ọkọ ti lọ, kó má gbàgbé ọmọ òun. Peter ní òun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn bíṣọ́ọ̀bù le.

Fulbert ni mo dá lẹ́bi, Bernard ló tẹ̀lé e, Abelard náà ò jàre tán. Ẹni tó bá dé Paris nínú yín, itẹ́ Père Lachaise ni wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ ní 1817. Ẹ bá mi kí Heloise kí ẹ tó kí ọkọ rẹ̀.